Ta Ló Ń Bá Bàbá Onílé Du Àwo Hárúnà?

Ẹ sún mọ́bí díẹ̀ kí ẹlẹ́kọ lè rọ́nà kọjá. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu Ìyá Aránṣọ, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ Ìyá Aránṣọ? Ibi tí ìtàn bá ti ń dùn bọ̀ ni yóò ti rántí pé òun gbé omi kaná. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ látòkèdélẹ̀, torí ìṣojú mi ló ṣe.

Bàbá Onílé wa, ẹ kúkú mọ̀ wọ́n. Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ rà tí wọn kì í kọ́kọ́ fi eegun ìka kan: kó, kó, kó. Ti iṣu yé mi, ti ìkòkò náà yé mi. Ṣùgbọ́n ta ló ń kan bàtà? Ta ló ń kan ẹ̀gúsí? Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ ra ilẹ̀kùn lọ́dọ̀ káfíńtà, wọ́n kan ilẹ̀kùn náà títí ẹnìkan fi dáhùn láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù pé, "Ẹ wọlé!" Ti Iléyá ló wá ga jù. Wọ́n kan àgbò níwájú orí, àgbò náà sì kàn wọ́n padà. Ẹ̀yin náà rí bí wọ́n ṣe ń tiro lọ kírun.

Ó dáa. Ṣadé, ọmọ Ìyá Ẹlẹ́wà, ló wálé ọdún Kérésì láti Peckham nílùú òyìnbó, òun ló sì gbé ọ̀rọ̀ ọjà gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ agboolé wa. Ẹ rántí Ṣadé, àbí? Èyí tó máa ń ta ṣingọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní ìlọ́po méjì iye tó rà á. Ọjà ò kúrò lára rẹ̀ títí di òní. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, orí eBay ló máa ń wà, ó ń ra abọ́ àtijọ́, ó ń ta abọ́ àtijọ́. Ó jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń là wá lọ́yẹ̀: ẹni tó fẹ́ ta nǹkan á gbé fọ́tò rẹ̀ síbẹ̀, á dá ọjọ́ àti wákàtí tí ọjà á parí, àwọn ènìyàn á sì máa fi owó lé owó láti ibi gbogbo, títí àkókò á fi pé. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ga jù ló gbé e lọ. Ó ní ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Pierre Omidyar ló dá a sílẹ̀ ní Califọ́níà lọ́dún 1995, AuctionWeb ló ń jẹ́ nígbà náà, àti pé ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tà níbẹ̀ ni iná pupa kékeré tí àwọn olùkọ́ fi ń tọ́ka sára ògiri. Ó ti bàjẹ́ o! $14.83 ni ẹnìkan fi rà á. Omidyar kọ̀wé sí onítọ̀hún pé ṣé ó mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́ mọ́. Onítọ̀hún ní àwọn tó ti bàjẹ́ gan-an lòun ń kó jọ.

Bí Ìyá Ẹlẹ́wà ti gbọ́ èyí, wọ́n nàka sí Volkswagen Ọ̀gá Fẹ́lì tí adìẹ ń yé sí lẹ́bàá ògiri. "Ṣadé, ya fọ́tò ìyẹn." Ọ̀gá Fẹ́lì ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ mọ́tò kì í pa á lẹ́rìn-ín, mo máa sọ ìdí ẹ̀ fún yín láìpẹ́.

Ibi tí a ti ń rẹ́rìn-ín yìí ni a ti gbọ́ tí Bàbá Onílé figbe bọnu. Ṣadé ń fi àtàǹpàkò yí ojú fóònù lọ sókè, ni wọ́n bá rí páálí elépì kan: Hárúnà Ìṣọ̀lá, *Òròkí Social Club*, èyí tí Decca gbé jáde lọ́dún 1971. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọdé, ẹ lè máà mọ ohun tí èyí jẹ́. Ará Ìjẹ̀bú-Igbó ni Bàbá, ìlú Hárúnà gan-an. Wọ́n ti ní àwo yìí rí. Ta ló fọ́ ọ? Kúnlé ni, àkọ́bí wọn, tó ń gbé Manchester báyìí. Nígbà tó wà ní kékeré, ó yọ àwo náà nínú páálí, ó fi ṣe ìdarí ọkọ̀, ó ń wa mọ́tò yí agboolé yìí ká, "fíìn, fíìn," títí tó fi ya kọ̀nà lẹ́bàá kànga tí ọkọ̀ sì dànù. Kúnlé ti gbéyàwó, ó ti bímọ méjì, síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wọkọ̀ rẹ̀, Bàbá á ní kí Kúnlé rọra, kó má wa àwo Hárúnà.

"Ta ló ń tà á? Èló ni?" Bàbá ti dìde.

Leeds ni ẹni tó ń tà á wà, £9.99 ni owó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ méje ni wọ́n fi sí i. Ẹnìkan ti fi báírò kọ orúkọ ara rẹ̀ sí igun páálí náà lókè. Lábẹ́ fọ́tò, wọ́n kọ ọ́ pé "Good". Bàbá yọ̀. "Wọ́n ní ó dára!" Ṣadé mi orí. Ó ní láàárín àwọn tó ń ta àwo àtijọ́, "Good" ti jìnnà sí dídára. Àwo tí wọ́n ti lò gan-an ni, tó ń họ, tó ń ké. Ẹ bá "Very Good" pàdé lókè rẹ̀, ẹ bá "Near Mint", kẹ́ ẹ tó kan "Mint" tí abẹ́rẹ́ ò bà rí. Bàbá ronú, wọ́n ní, "Ká ní wọ́n gbé èmi síbẹ̀ ńkọ́, ipò wo ni n bá wà?"

Ìyá Onílé tó ń ṣa ẹ̀fọ́ lọ́hùn-ún ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Good," ni wọ́n ní.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, torí Ṣadé náà yà níbẹ̀. Ó ní ẹni tí kò bá ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ọjà ló ń ra òkúta. Lọ́dún 2013, ọ̀dọ́kùnrin kan ní Nottingham san £450 torí Xbox, ẹ̀rọ géèmù tó fẹ́ fún ọmọ rẹ̀ nígbà Kérésì. Wọ́n mú ẹrù dé, ó tú u, fọ́tò Xbox ló bá nínú ẹ̀. Fọ́tò! Wọ́n sì ti kọ ọ́ sórí ọjà náà pé fọ́tò ni o. Ojú tó ti fẹ́ràn nǹkan kì í ka ọ̀rọ̀ kan yẹn. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rí i pé wọ́n kọ "untested" tàbí "for parts", ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń sọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Ṣadé lọ wo ohun tí àwọn olùrà ti sọ nípa ẹni tó ń tajà. Omidyar fúnra rẹ̀ ló gbé ètò yẹn kalẹ̀ lọ́dún 1996, pé kí olùrà àti olùtajà máa jẹ́rìí síra wọn níta gbangba. Ṣadé kì í wo ìyìn. Ẹ̀sùn ló máa ń kọ́kọ́ kà, á wá wo irú ọjà tí onítọ̀hún ti ń tà bọ̀. Ará Leeds yìí, àwo ló ń tà láti ọdún pípẹ́, ẹ̀sùn tó wà lọ́rùn rẹ̀ kò ju ti ẹnìkan tó ní páálí rẹ̀ tẹ̀ létí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ìbọ̀sẹ̀ olówó pọ́ọ́kú lẹnìkan ń tà tó fi gba ìyìn rẹpẹtẹ, tó wá ṣàdédé kó ogún fóònù olówó ńlá síta lọ́sẹ̀ kan, Ṣadé ní ẹ máa sá lọ. Ó lè ra orúkọ yẹn ni, ó sì lè jí i gbé.

Bàbá gbọ́ gbogbo èyí, wọ́n ń mi orí. "Gbé fóònù yẹn wá kí n wò ó dáadáa." Ṣadé gbé e fún wọn. Kí ni Bàbá ṣe? Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́! Kó, kó, kó, wọ́n kan àwo náà lójú fóònù.

Kíkàn àkọ́kọ́ ṣí ibi tí wọ́n ti ń fi owó lé e. Ìkejì mú £12. Ìkẹta ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dá mi lójú. Fóònù dún gbìn-ín, ó kí Ṣadé kú oríire pé òun ló wà níwájú báyìí.

Ṣadé figbe ta. Ó ní eré kọ́ o, ẹni tó bá fi owó lé ọjà ti ṣàdéhùn pé òun máa rà á tó bá já mọ́ òun lọ́wọ́. Àfi tó bá ní ìdí gidi, bíi pé ó ṣi iye owó kọ, tàbí pé olùtajà yí àlàyé ọjà padà, ni wọ́n fi lè jẹ́ kó fà á sẹ́yìn. Bàbá ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ fa nǹkan sẹ́yìn?"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnìkan ti kọjá Bàbá. Wọn kì í fi orúkọ ènìyàn hàn níbẹ̀, lẹ́tà kan ní iwájú, lẹ́tà kan ní ẹ̀yìn, ìràwọ̀ láàárín: k*m. Bàbá fi £15 lé e. Kí wọ́n tó gbé ìka kúrò, k*m ti borí. Wọ́n fi £18 lé e. Ó tún ti borí. "Ṣé ẹni yìí kì í sùn ni? Ṣé kò níṣẹ́?"

Ìyá Ẹlẹ́wà ló jẹ́ kó yé wa, àwọn tí kò lo íntánẹ́ẹ̀tì rí. Wọ́n ní, "Ó dà bí ìgbà tí mo bá rán ọmọ lọ ra ẹ̀wà, tí mo sọ owó ìgbẹ̀yìn fún un ní kọ̀rọ̀ pé kó má jẹ́ kí alájàpá mọ̀." Ṣadé ní bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹ lè sọ òpin owó yín fún ẹ̀rọ kẹ́ ẹ sì lọ sùn. Ẹ̀rọ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, díẹ̀ díẹ̀ ni yóò máa fi lé e, kìkì iye tó fi máa ga ju ti ẹni kejì lọ. Nítorí náà, ẹni tí Bàbá ń bá jà lè máa hanrun níbi tó wà.

Bàbá ò gbà. Wọ́n ní olè ni, wọ́n ní ará ilé olùtajà ni. Èyí tiẹ̀ ní ìdí, torí àwọn ọ̀dájú kan wà tí wọ́n máa ń bẹ ọ̀rẹ́ kó wá gbé owó ọjà àwọn ga, òfin sì ka ìyẹn léèwọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣadé tẹ ìtàn ọjà náà wò. Ó ní tó bá jẹ́ pé ọjà ẹnìkan ṣoṣo ni k*m máa ń lé owó lé, ara á fu òun; ṣùgbọ́n bàtà ọmọdé ló fi owó lé lọ́dọ̀ ẹnìkan, kẹ́tùlù lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ènìyàn gidi ni. Bàbá ní olè gidi ni.

Alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn, ẹ bá wà níbẹ̀! Aago mẹ́sàn-án alẹ́ tiwọn ni ọjà á parí, aago mẹ́wàá tiwa. Ọ̀gá Fẹ́lì bu epo sí jẹnẹrétọ̀ láìgbowó, gbogbo wa kún pálọ̀ Bàbá fọ́fọ́. Láti àárọ̀ ni Ṣadé ti fún Bàbá ní bébà, tó ní kí wọ́n kọ iye tí wọ́n lè san sí i, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó ìfiránṣẹ́ kúrò, kára tó gbóná. Bàbá kọ £45. Ìyá Onílé gba bébà náà, wọ́n fi í sínú kóńbà ìró wọn, wọ́n sì jókòó ti ọkọ wọn. £30, k*m borí. £38, k*m borí. £45! Ó ku ìṣẹ́jú kan. £46, k*m. Bàbá na ìka. Ìyá Onílé di ìka náà mú. "Bàbá Kúnlé, bébà ni o." Tọkọtaya ń fa ìka mọ́ra wọn lọ́wọ́ títí tí ọjà fi parí.

Èpè tí k*m gbà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò lè tún un sọ níwájú àwọn ọmọ.

Ìbànújẹ́ yìí ló gbé Bàbá lọ sórí WhatsApp àwọn olólùfẹ́ àpàlà, wọ́n kéde pé àwọn ń wá *Òròkí*. Kò tó wákàtí kan tí ọkùnrin kan fi pè wọ́n. Ohùn rẹ̀ tutù, "Bàbá" ló fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, "Bàbá" ló fi ń parí ẹ̀. Ó ní òun náà ti gbé tòun sí gbàǹjo lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n nítorí àgbà, òun á yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, kí Bàbá sáà ti fi ₦40,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun kíákíá, torí ẹlòmíì ti ń bọ̀ lọ́nà. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́. Bàbá ti wọ bàtà láti lọ sọ́dọ̀ oní-POS! Ohun tó gbà wọ́n ni pé wọn ò rí nǹkan kàn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, gbé e sórí ẹ̀rọ, kí n gbọ́ ọ lórí fóònù."

Ibẹ̀ pa lọ́lọ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà la gbọ́ orin. Gìtá ló bẹ̀rẹ̀.

"Gìtá?" Bàbá bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan. "Nínú àpàlà? Agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù ni mo mọ̀ mọ́ Hárúnà. Gìtá ta nìyí?"

Ọkùnrin náà ní, "Bàbá, rímíìsì ni."

Rímíìsì! A rẹ́rìn-ín títí Ìyá Aránṣọ fi jókòó sílẹ̀. Ṣadé gba fóònù, ó wo fọ́tò náà, ó sì fi hàn wá: orúkọ tí wọ́n fi báírò kọ nìyẹn ní igun òkè, àwo ará Leeds ni, wọ́n kàn jí fọ́tò rẹ̀ ni. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ti ní kẹ́ ẹ jáde kúrò níbi tí gbàǹjo ti ń lọ, kẹ́ ẹ wá sanwó fún òun níta, òun ò tún wo ojú onítọ̀hún mọ́, bó ti wù kó máa pe Bàbá tó. Tẹ́ ẹ bá sanwó nínú eBay, tí ọjà ò dé, tàbí tó dé tí kò rí bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀, ẹ lè fẹjọ́ sùn láàárín ọjọ́ 30 kí wọ́n dá owó yín padà. Tẹ́ ẹ bá san án níta, ta lẹ máa bá rojọ́? Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fi PayPal ránṣẹ́ bí ẹni tó ń fún ọ̀rẹ́ lówó. PayPal kì í gbèjà ẹni tó bá rajà lọ́nà yẹn.

Ìgbà yẹn ni Ọ̀gá Fẹ́lì mí kanlẹ̀. Mo ní màá sọ ọ́ fún yín, àbí? Facebook ni Ọ̀gá Fẹ́lì ti rí i pé kọ́sítọ́ọ̀mù ń ta Camry ní gbàǹjo, èyí tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, ₦350,000 péré. Ó san owó fọ́ọ̀mù. Ó san owó ọjà. Ó san owó dírẹ́bà tó ń gbé mọ́tò bọ̀ láti Ṣẹ̀mẹ̀. Dírẹ́bà yẹn dé Ṣágámù, táyà fọ́, ó gba owó táyà. Ṣágámù náà ló sì wà títí di ìsinsìnyí. Ṣé ẹ rántí bí Ọ̀gá Fẹ́lì ṣe máa ń gbálẹ̀ lábẹ́ máńgòrò láràárọ̀ nígbà yẹn, tí a rò pé ó ti ronú pìwà dà? Àyè mọ́tò ló ń tọ́jú! Ṣadé ní láti 2017 ni kọ́sítọ́ọ̀mù ti ní ibi gbàǹjo tiwọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà owó orí lẹ fi ń wọ ibẹ̀, báǹkì lẹ ti ń sanwó, wọ́n sì ti pariwo títí pé àwọn kì í ta mọ́tò lórí Facebook. Ọ̀gá Fẹ́lì ní ẹni tó wà nínú fọ́tò wọ yunifọ́ọ̀mù kọ́sítọ́ọ̀mù. Ìyá Ẹlẹ́wà ní àwọn náà ní fọ́tò tí àwọn ti wọ aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́yege ní ògiri pálọ̀, àwọn ò dé géètì yunifásítì rí.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Bàbá. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Kúnlé pè láti Manchester. Bàbá gbé fóònù sórí sípíkà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe kí gbogbo agboolé lè mọ̀ pé ọmọ àwọn ń pe àwọn.

"Bàbá, mo ra nǹkan kan fún yín. Mo ti fẹ́ pa á mọ́nú títí tí yóò fi dé, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Mo sọ owó ìgbẹ̀yìn mi fún ẹ̀rọ, mo lọ síbi iṣẹ́ alẹ́ mi. £9.99 ni mo rò pé màá san. Àṣé aláìníṣẹ́ kan ló ń fi owó lé e ṣáá! £46 ni mo rà á, Bàbá. Ojú onítọ̀hún kò ní gba ibi ire."

Agboolé dákẹ́. Mo wo Ìyá Onílé, Ìyá Onílé wo inú agbada. Bàbá rọra béèrè pé, "Kí lo rà?"

"Hárúnà yín tí mo fọ́ ni."

"Kúnlé," Bàbá ní, "má ṣépè mọ́."

Ṣadé já fóònù gbà, ó ní kí Kúnlé tú ẹrù náà kí ó tó fi rán ẹnikẹ́ni, kó sì fi fídíò ká a bó ṣe ń tú u. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ Ìyá Aránṣọ ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Àbúrò Ìyá Aránṣọ tó wà ní Peckham bá a ra ẹ̀rọ ní gbàǹjo, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀mù láìtú u, dúrọ́ọ̀mù na omi òkun wá títí dé Ìbàdàn. Nígbà tí a ṣí i, orí ẹ̀rọ ni a rí, kò ní mọ́tò nídìí. Ọjọ́ tí wọ́n fi lè fẹjọ́ sùn ti kọjá pátápátá. eBay kì í sì í gba ẹjọ́ ẹrù tí olùrà ti tún fi ránṣẹ́ síbòmíì. Ìyá Aránṣọ ń fi ẹ̀rọ yẹn dá ilẹ̀kùn dúró báyìí, ẹni tó bá sì béèrè, á ní ọ̀ṣọ́ ni.

Àwo dé lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń bọ̀ nílé, inú báàgì ọwọ́. Bàbá kan án kó, kó, kó, wọ́n gbé e sórí rẹ́díógírámù. Ó họ, ó ké, apá kejì tiẹ̀ fò ní ibi mélòó kan. Bàbá jó débi fìlà fi jábọ́.

Báyìí, àwo Àyìnlá Ọmọwúrà ni wọ́n tún rí o. Ṣadé ti padà sí Peckham, òun ló ń bá wọn fi owó lé e láti ọ̀hún. Bàbá ti gbọ́n; kí wọ́n tó fi kọ́bọ̀ kan lé e, wọ́n kọ́kọ́ pe Kúnlé: "Ṣé ìwọ kọ́?" Kúnlé búra pé òun kọ́. Wọ́n pe Ṣadé, ó ní orúkọ tòun ni Bàbá fi ń lé owó, báwo lòun ṣe máa bá ara òun du nǹkan? Síbẹ̀, ẹnìkan wà níbẹ̀ tó ń kọjá wọn láàjìn, n*o ni wọ́n ń pè é.

Èmi ò sọ nǹkan kan o. Mo kàn ní kẹ́ ẹ bá mi ronú sí i ni: Ìyá Onílé, tí kì í gbé ìpè, kí ni wọ́n ń fi chájà tí wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ mi lóru ṣe?